Kí Ìtọ̀ Má Dí Ọ Lọ́nà Ilé Bàbá Rẹ

Sí Àyìnkẹ́ ọmọ mi, nílé Ọdúnlámì ọkọ rẹ, ní Mákùn Omi.

Àyìnkẹ́ mi, ọmọ tí mo bí tí mo tún fi ń ṣe ọ̀rẹ́, mo kí ọ o. Ṣé ara ọkọ rẹ le? Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Àlàáfíà ni gbogbo wa wà ní Òkè-Ṣópẹ́n. Ewúrẹ́ ti jẹ ata tí o gbìn sí ẹ̀yìnkùlé, ṣùgbọ́n ó ti ń rúwé padà.

Má wo bí ìwé yìí ṣe rí wúruwùru. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́. Olùkọ́ ìjọ ni ì bá bá mi kọ ọ́ bí ó ṣe máa ń bá gbogbo wa kọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí obìnrin ń jókòó níwájú olùkọ́ sọ, kí ó máa kọ ọ́, kí ó sì tún máa wo ojú ẹni. Ìwọ lo di ọwọ́ mi mú lórí síléètì tí mo fi mọ a, b, d. Jẹ èso iṣẹ́ ọwọ́ rẹ.

Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ni.

Má rẹ́rìn-ín, má sì bínú sí Ìyá Sálámì tó ń ti ọ̀dọ̀ yín ra ẹja yíyan wá tà fún wa. Iṣẹ́ tí o rán an ló jẹ́. Ó ní o ní ẹsẹ̀ ń dùn ọ́, pé o kò ní lè wá wo bàbá rẹ. Mo bi í pé ẹsẹ̀ wo, tòsì tàbí tọ̀tún? Ó ní òun kò mọ̀. Mo ní ṣé o ń tiro? Ó dákẹ́. O mọ̀ mí, Àyìnkẹ́. Bí ènìyàn bá dákẹ́ lójú mi, ńṣe ni mo máa ń fa àpótí, tí n ó jókòó tì í. Mo jókòó tì í títí tó fi ta ẹja tán, ìgbà náà ló wá sọ fún mi pé inú ọkọ̀ tí wọ́n fi gbé ọ lọ sílé ọkọ ni òun wà, pé ìtọ̀ bọ́ lára rẹ láàrin omi, pé o jókòó mọ́ inú ọkọ̀ títí gbogbo èrò fi sọ̀kalẹ̀ tán. Ó ní láti ọjọ́ náà o kò tún wọ ọkọ̀ mọ́, àti pé o kì í mu omi títí oòrùn yóò fi wọ̀.

Ó sọ ọ́ pẹ̀lú àánú. Kò sọ fún ẹlòmíràn.

Ọmọ mi, inú mi bàjẹ́ pé ìwọ nìkan lò ń dá a gbé kiri. Bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ̀ mi lo ti mú un! Ojú bàbá rẹ sì ń ṣú. Nígbà tí o lọ, ó ṣì ń rí igi ìdí kànga; ní báyìí ó ń fọwọ́ tọ́ ògiri dé ẹnu ọ̀nà. Ní gbogbo òwúrọ̀ ló ń wí pé, "Kí ojú mi tó kú tán, kí n rí Àyìnkẹ́." Òun kò lè rìn wá bá ọ. Ìwọ lo ní láti wá, omi sì ni ọ̀nà ẹ̀yin ará Mákùn. Ìdí tí mo fi mú gègé ìkọ̀wé nìyẹn.

Nǹkan àkọ́kọ́ ni pé kí o má ṣe fi òùngbẹ bá ìtọ̀ jà. Mo ti bá a jà rí bẹ́ẹ̀, òun ló ṣẹ́gun. Nígbà tí mo ń gbé aṣọ lọ tà ní Àgọ́-Ìwòyè, n kì í fi omi kan ẹnu láti ilé. Mo ní bí n kò bá rọ nǹkan sínú kèrègbè, kí ni yóò jáde lẹ́nu rẹ̀? Ṣùgbọ́n nǹkan jáde! Ó pọ́n bí epo, ó ń ta mí bí ata, ó sì ń pè mí léraléra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kíún kíún báyìí. Ọ̀rọ̀ náà yà mí lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bí ẹni wo òwú lórí òfì. Mo mu omi lọ́jọ́ kan, n kò mu lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ tí mo mu omi díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ ni mo ní ìsinmi. Nítorí náà máa mu omi, ọmọ mi, ṣùgbọ́n má gbé agbè dà sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, kí o dín in kù.

Obì tún wà níbẹ̀. N kò fẹ́ gbà á gbọ́, nítorí mo fẹ́ràn obì. Mo máa ń jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà kí ó má baà rẹ̀ mí. Ìgbà tí mo fi í sílẹ̀ nítorí eyín tó ń dùn mí ni mo rí i pé mo rìn láti Japara dé ilé láìyà sígbó. Eyín san, mo tún jẹ obì, ìtọ̀ tún dé. Mo dán an wò léraléra nítorí mo fẹ́ kí ó jẹ́ irọ́. Ẹmu náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ kì í mu ẹmu.

Ẹ̀kejì tàbí ẹ̀kẹta, n kò mọ iye tí mo ka dé mọ́. Dúró ná, mo ń bọ̀.

Mo ti dé. Ṣé o rí i? Bí mo bá ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ó ń gbọ́.

Èyí tó jọ mí lójú jù lọ nìyí. Kí ló dé tí ìtọ̀ fi mọ ilé? Mo lè ti oko bọ̀ láìmọ nǹkan kan lára, àmọ́ bí mo bá ti rí ẹnu ọ̀nà wa báyìí, àfi gìrì! Mo ti ju igi ìdáná sílẹ̀ rí lójú àlejò, mo sáré kọjá lára wọn bí ẹni tí oyin ń lé. Mo béèrè káàkiri. Ìyá àgbà tó kọ́ mi ní aṣọ híhun sọ pé òtútù ilẹ̀ ni. Bàbá rẹ ní ẹṣin pàápàá ń sáré bó bá súnmọ́ ibùjẹ. Ti bàbá rẹ yìí ni mo dì mú. Lọ́jọ́ kan, mo gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ọ̀nà tí n kì í gbà. Àyìnkẹ́, kò dé! Mo ti jókòó kí ó tó rántí. Mo rẹ́rìn-ín débi tí bàbá rẹ fi bi mí bóyá ara mi yá. Ojú ilẹ̀kùn ló kọ́ ọ, o rí i bí? Ohun tí ara bá sì kọ́, a lè kọ́ ọ ní òmíràn.

Báyìí ni mo ṣe kọ́ ọ. Bí ó bá dé lójijì, n kì í sáré mọ́. Eré ló ń já a sílẹ̀. N ó dúró gbagidi, tàbí kí n jókòó bí nǹkan ìjókòó bá wà. N ó fún ibẹ̀ pọ̀ bí ẹni fa okùn àpò, n ó tú u, n ó tún fún un, n ó sì máa mí wọ́ọ́rọ́wọ́. N ó wá ronú nípa òwú tí mo fẹ́ ta sórí òfì: dúdú, funfun, dúdú, pupa. Yóò ga, yóò dà bí ẹni pé kò sí bí n ó ṣe ṣe é, lẹ́yìn náà yóò rọlẹ̀. Nígbà tó bá rọlẹ̀ ni n ó dìde, tí n ó rọra máa lọ. Kọ́kọ́ ṣe é nílé, níbi tí kò ti sí ẹni tó ń wò ọ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́ lè má dára. Tèmi kò dára.

Má sì máa lọ tọ̀ nígbà gbogbo nítorí "bóyá yóò gbọ̀n mí láìpẹ́". Ìyẹn náà ni mo máa ń ṣe. Mo máa ń dìde nídìí òfì kí n tó na apá tán. Ilé ìtọ̀ mi wá dà bí ọmọ tí wọ́n ń gbé nígbàkígbà tó bá sunkún. Ó sọ ẹkún di iṣẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wí fún un pé, "Ó di ìgbà tí mo bá hun èyí tán." Lọ́jọ́ kejì n ó fi díẹ̀ kún un. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó gba sùúrù.

Nínú ilé, gbé ìkòkò kan tó ní ọmọrí sí kọ̀rọ̀ yàrá rẹ, má jẹ́ kí ilẹ̀ tó ń yọ̀ mú ọ subú nítorí pé ò ń sáré lọ ẹ̀yìnkùlé. Tòbí tí o ń wọ̀ sábẹ́ ìró, má ta okùn rẹ̀ ní kókó méjì. Mo mọ̀ pé bí a ṣe kọ́ ẹ̀yin ọmọge nìyẹn, ṣùgbọ́n ìwọ ti di ìyàwó ilé. Kókó kan tó já wẹ́rẹ́ ló yẹ ọ́. Jẹ ẹ̀fọ́ dáadáa pẹ̀lú. Bí inú bá kún tí a kò rí ìgbẹ́ yà, ó ń jókòó lé ìtọ̀ lórí.

Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan, má tijú mi. Ṣé ó ń ta ọ́? Ṣé ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, tàbí ibà? Ṣé èèrà máa ń ṣù bo ibi tí o tọ̀ sí? Bí ọ̀kan bá wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ dídúró gbagidi mọ́, ẹni tó mọ ìtọ́jú ni kí a wá lọ. Nǹkan oṣù rẹ ńkọ́? Ó lè jẹ́ pé ẹlòmíràn ti ń fi ẹsẹ̀ ti ibẹ̀ láti inú. N kò wí pé bẹ́ẹ̀ ni o. Mo kàn béèrè ni. Abéèrè kì í ṣìnà.

Ní ti ìtìjú, Ìyá Sálámì là mí lójú. Ó ní tòun máa ń kán tó-tó láti ìgbà tó ti bí àbíkẹ́yìn rẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń kírun, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?" Ó ní, "Aṣọ ni mò ń dì síbẹ̀, n ó pààrọ̀ rẹ̀, n ó ṣe àlùwàlá, n ó kírun. Ọlọ́run tó dá a mọ̀ pé ó ń kán." Ó wá sọ fún mi pé ibikíbi tí mo bá dé lójú ọ̀nà, kí n wá ilé àwọn ìmàle lọ, pé omi àti ibi tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ ká kì í wọ́n níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń kọjá níwájú irú ilé bẹ́ẹ̀ tí mo ń wá igbó kiri!

Wàyí o, jẹ́ kí n sọ ti omi fún ọ, kí o mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ ni ìtọ̀ kọ́kọ́ dójú tì nínú ọkọ̀. Ọmọge ni mí nígbà tí ìyá mi mú mi lọ ra iyọ̀ níhà ọ̀dọ̀ yín. Àwa ará igbó, kí la mọ̀ nípa ọkọ̀? A dé àárín ọ̀sà, ìtọ̀ gbọ̀n mí. Mo wo ẹsẹ̀ mi, mo rí igbá kan tó ń léfòó nínú omi tó wà ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Mo ní, ẹ wo bí àwọn ènìyàn yìí ṣe ní àánú, wọ́n ti gbé e sílẹ̀ fún irú wa. Mo fi ìró bò ó, mo ṣe tèmi, mo dà á sómi, mo dá igbá padà sáyè rẹ̀, ọkàn mi balẹ̀. Kò pẹ́, ọlọ́kọ̀ nawọ́ síbẹ̀. Igbá tó fi ń gbọ́n omi ọkọ̀ ni, òun náà ló sì fi ń bu omi mu! Obìnrin kan tó rí mi pariwo. Ọlọ́kọ̀ kígbe pé, "Yèsí? Yèsí ló tọ̀ sí igbá mi?" Kí ìyá mi tó dáhùn, ó ti sọ igbá náà sínú ọ̀sà. Ọkọ̀ wá ń jò, kò sí ohun tí a ó fi gbọ́n ọn. Ìkòkò tuntun tí ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ni wọ́n gbà fi gbọ́n ọn dé èbúté, ó sì fọ́. Títí ìyá mi fi kú, bó bá ti rí ìkòkò, á wò mí.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kí o ní igbá tìrẹ.

Mo fẹ́ sọ fún ọ nípa bàbá rẹ kí n tó gbàgbé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò lè gbàgbé. Nígbà tí oníbodè ṣì wà lójú ọ̀nà wa, kí ọ̀nà tó ṣí, wọ́n lè dá èrò dúró láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi dé àtàrí. Ẹni tó bá sì yà sínú igbó lẹ́bàá bodè, olè ni wọ́n ń pè é, wọ́n ní ó fẹ́ gba ẹ̀yìn sá, wọ́n á gba ẹrù rẹ̀. Ìyàwó tuntun ni mí. Ìtọ̀ gbọ̀n mí níbẹ̀ débi tí omi bọ́ lójú mi. Bí bàbá rẹ ṣe lọ bá àwọn oníbodè nìyẹn, ó di abẹ́ mú, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí, n kì í lè mú un mọ́ra. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó mi bu omi tẹ̀lé mi." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní irú ọkùnrin wo nìyí! A jọ yà sígbó, mo sì rí àyè ṣe tèmi. Láti ìgbà náà, ibikíbi tí a bá jọ lọ, òun ni í kọ́kọ́ dá èrò dúró. Gbogbo ọ̀nà ló mọ̀ ọ́n sí onítọ̀. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí. Mo ń se àgbo egbò igi fún un, ó korò bí orógbó, ó sì ń mu ún.

Ní ọjọ́ tí Ìyá Sálámì sọ ọ̀rọ̀ rẹ fún mi, mo bi bàbá rẹ pé, "Baba Àyìnkẹ́, ìtọ̀ yín ìjọ́sí, ìgbà wo ló san gan-an?" Ó kọjú sí ibi tí ohùn mi ti wá. Ó ní, "Kò ṣe mí rí."

Mo sunkún, ọmọ mi. Mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo sunkún, mo tún rántí àgbo, mo rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà sọ fún Ọdúnlámì. O lè bá ọkùnrin rere nínú ilé kí o má sì mọ̀, nítorí pé o kò fún un ní ohun tí yóò ṣe. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ó ku ti ojú ọ̀nà. Mo gbé gègé láti kọ ọ́, mo rí i pé n kò mọ ọ̀nà náà mọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti rìn ín, igbó tí mo mọ̀ lè ti di oko. Báwo ni n ó ṣe máa gba ọmọ mi nímọ̀ràn lórí ohun tí n kò rí? Mo ká ìwé yìí, mo dì í mọ́ra, mo fi bàbá rẹ ti àbúrò mi, mo tẹ̀lé Ìyá Sálámì.

Èbúté Ìwópin ni mo wà báyìí tí mo ń kọ èyí tó kù, lórí àpótí ẹja. Bó bá ń rùn, farada á.

Gbọ́ ohun tí mo rí. Láti ilé wa dé ibi tí a sùn, àyè pọ̀: oko kòkó wà, ilé àwọn ìmàle sì wà ní ìletò méjì tí a gbà kọjá. Ibi tí o kò gbọdọ̀ yà sí ni ìdí igi ńlá tó wó dábùú ọ̀nà. Ó dára lójú, ó ní ibòji, gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ewé èsìsì tó ń jóni lára. Má bi mí bí mo ṣe mọ̀. Lẹ́yìn odò kékeré, arúgbó kan ń ta ẹ̀kọ níbẹ̀. Sọ pé ìwọ ni ọmọ ìyá tó bá a sọ̀rọ̀ nípa ìtọ̀, yóò sì fi ẹ̀yìn ilé rẹ̀ hàn ọ́. Ó ní òun náà ní i.

Mo bi àwọn obìnrin èbúté léèrè bí àwọn ṣe ń ṣe é lórí omi. Mo rò pé wọn yóò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní, "Ìyá, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni kí ẹ jókòó sí, kì í ṣe àárín. Ẹ mú ahá, igbá kékeré tiyín, dání, ẹ ró ìró tó fẹ̀, àwa tó wà níwájú yóò súnmọ́ra." Wọ́n ní ọkọ̀ máa ń yà sí èbúté kékeré kan láàrin ọ̀nà bí èrò bá sọ̀rọ̀, pé ẹni tí kò bá sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń gbé kọjá. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n, Àyìnkẹ́! Àárín ni wọ́n fi ìwọ jókòó sí lọ́jọ́ ìgbéyàwó nítorí ìwọ ni ìyàwó. Ọlá tí wọ́n bù fún ọ ló dójú tì ọ́.

Ọkọ̀ ti ń kó ẹrù. N ó parí ìwé yìí.

Bí o bá ń ka ibi yìí, mo ti wà níwájú rẹ. Mo mọ̀ pé ìyá ìyàwó kì í ṣàdédé ya ilé àna, mo sì mọ̀ pé àgbàlá yín yóò kún, pé ìyá ọkọ rẹ yóò jókòó tì mí láti kí mi, pé a kò ní rí àyè sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi na ìwé sí ọ lójú gbogbo wọn, tí mo ní olùkọ́ ìjọ kí ọ, bí ẹni pé òun ló kọ ọ́. Kà á tán, kí o ká a.

Mo hun aṣọ kékeré kan tó nípọn fún ọ, ó wà nínú ẹrù mi pẹ̀lú ahá tuntun. A jọ ń lọ sílé lọ́dọ̀ bàbá rẹ ni. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni a ó jókòó sí. Nígbà tí a bá dé àárín omi, èmi ni n ó kígbe sí ọlọ́kọ̀ pé ìtọ̀ ń gbọ̀n mí, pé àgbà ti dé sí mi lára, kí ó yà sí èbúté. Kí wọ́n rẹ́rìn-ín mi títí. Ìwọ ṣáà bu omi tẹ̀lé mi.

Àmọ́ ní báyìí, dìde, ọmọ mi, fi ẹ̀yìnkùlé yín hàn mí. Èyí kì í ṣe irọ́ o.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àbẹ̀ní.